Ìwé Àkọsílẹ̀ Ló Bí Màlúù Oníwàrà Púpọ̀

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ owó ìpamọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti ọ̀rọ̀ èlé ni a sábà máa ń bá yín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wàrà ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti ṣìnà o. Bí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹgbẹ́ náà ni.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń sin ẹran máa ń bi wá nígbà tí a bá lọ yẹ ìwé wọn wò. Wọn a ní: abo màlúù tí àwọn Fúlàní ń dà kọjá lẹ́bàá oko wa, bí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀ tán, bí lítà 1 tàbí 2 ni wàrà tí ń kù fún olówó rẹ̀ lójúmọ́. Kí ló wá dé tí màlúù òyìnbó kan ṣoṣo ń mú lítà 30 wá lójúmọ́? Ṣé oògùn ni wọ́n ń fún un ni, àbí oúnjẹ?

Ìdáhùn wa ni pé oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, omi mímọ́ àti ìtọ́jú sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé gbogbo oúnjẹ yẹn fún màlúù tiwa, wàrà rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, kò sì ní dé ìdajì ti màlúù òyìnbó yẹn. Ìyókù wà nínú ìran. Ìran náà kò sì ti ọ̀run wá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó kó ara wọn jọ nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí ni wọ́n fi bírò àti ìwé ṣe é, fún ohun tó lé ní 100 ọdún.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ní ọdún 1944, màlúù oníwàrà tó wà ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 25.6, wàrà tí gbogbo wọn mú wá lọ́dún náà sì jẹ́ kílò bílíọ̀nù 53. Nígbà tó di ọdún 2007, màlúù wọn ti dín kù sí mílíọ̀nù 9.2, ṣùgbọ́n wàrà wọn ti gòkè di kílò bílíọ̀nù 84. Bí a bá pín in, màlúù kan tí ń mú bíi kílò 2,000 wá lọ́dún nígbà náà ti ń mú ohun tó lé ní kílò 9,000 wá. Èrè ńlá ni èyí. Àdánù kan sì sá pamọ́ sínú èrè náà, tí ẹnikẹ́ni kò rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Èrè àti àdánù náà ni a fẹ́ ṣàlàyé.

BÍ WÀRÀ ṢE Ń DÉ INÚ ỌMÚ

Abo màlúù kì í ní wàrà bí kò bá bímọ. Oyún rẹ̀ ń gbé bí oṣù 9, gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn. Nígbà tí oyún bá wà nínú rẹ̀, àwọn họ́mọ̀nù, èyíinì ni àwọn oje tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti jíṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara, yóò máa múra ọmú sílẹ̀. Inú ọmú kì í ṣe ihò lásán bí agbè. Àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀, wọ́n so jọ bí èso ti í so jọ lára ìdì ẹyìn. Ara ògiri àpò wọ̀nyí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe wàrà wà.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun èlò wá fún wọn: ṣúgà, ọ̀rá, àti àwọn ohun tí a fi ń ṣe purotéènì, tí í mú ara dàgbà. Kí lítà wàrà 1 ṣoṣo tó kún, ẹ̀jẹ̀ tí yóò gba inú ọmú kọjá ń tó lítà 400 sí 500. Nítorí náà ni màlúù oníwàrà púpọ̀ fi ń mu omi bí ẹni pé kò ní í yó, tí ó sì ń jẹun tọ̀sán tòru. Lára ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe ni ṣúgà inú wàrà. Ṣúgà yìí ló ń fa omi mọ́ra wọ inú àpò. Bí ó bá ti pọ̀ tó ni wàrà yóò ti pọ̀ tó.

Wàrà tó bá ti wà nínú àpò kò lè dá sọ̀ kalẹ̀. Bí ọmọ bá ń fa ọmú, tàbí bí ọwọ́ tó mọ́ bá ń fọ ọmú náà jẹ́jẹ́, ara yóò ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì tú họ́mọ̀nù kan sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, oxytocin ni orúkọ rẹ̀. Òun ni yóò mú kí àpò wọ̀nyí fún ara wọn pọ̀ kí wàrà lè sọ̀. Bí a bá na màlúù náà tàbí tí ẹ̀rù bà á, wàrà kò ní í sọ̀ dáadáa. Àwọn darandaran Fúlàní ti mọ èyí tipẹ́. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ fa ọmú díẹ̀, wọn a wá so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó gbé igbá sábẹ́ ọmú. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé ọmú tí a kò bá fún tán yóò máa gbẹ, nítorí bí wàrà àná bá ṣì wà nínú àpò, àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò dẹwọ́ iṣẹ́.

Bí gbogbo abo màlúù ti rí nìyí, ti Fúlàní àti ti òyìnbó. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọmú, bí wọ́n ti ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sí lẹ́yìn ìbímọ, àti bí ara ẹran náà ti ń pín oúnjẹ: ṣé ọmú ni yóò kó èyí tó pọ̀ fún ni, àbí ẹran ara? Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ohun àjogúnbá. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wọ̀n ọ́n pé láàrin màlúù ìran kan náà, nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà nínú wàrà wọn, bí ìdá 3 nínú 10 ló ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá. Oúnjẹ, ìtọ́jú àti ojú ọjọ́ ló ni ìyókù. Báwo wá ni a ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìran yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti oúnjẹ? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN ÀGBẸ̀ TÓ KỌ́KỌ́ MÚ ÌWÉ

Ní ọdún 1882, àwọn àgbẹ̀ abúlé Hjedding ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Denmark dá ilé-iṣẹ́ bọ́tà kan sílẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Oníkálukú ń gbé wàrà rẹ̀ wá, wọ́n ń pa á pọ̀, wọ́n sì ń pín owó. Láìpẹ́ ọjọ́, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ Denmark kan.

Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti ń pa ọjà pọ̀ ni ọ̀rọ̀ àbùlà ti í wọlé. Níbikíbi tó bá jẹ́ ìwọ̀n lásán ni a fi ń sanwó wàrà, ẹni tó bu omi là á yóò gba owó ju ẹni tó gbé ojúlówó wá lọ. Àwọn mìíràn sì ń ré ọ̀rá orí wàrà kúrò nílé kí wọ́n tó gbé e wá. Olóòótọ́ ló ń jìyà. Ní ọdún 1890, Stephen Babcock, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀nà ìdánwò kan tó rọrùn. A ó da ásíìdì díẹ̀ sínú wàrà nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi ẹ̀rọ yí i, ọ̀rá yóò sì léfòó sí ọrùn ìgò níbi tí a ti fa ìlà ìwọ̀n sí. Ẹni tó bá lè kà á, a lè mọ ìwọ̀n ọ̀rá wàrà aládùúgbò rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Babcock kò sọ ìmọ̀ náà di ohun ìní tirẹ̀ nìkan, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àbùlà bá di ohun tí ojú ń rí.

Nígbà tí a ti lè wọn wàrà ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò nira mọ́ láti wọn ti màlúù kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1895, àwọn àgbẹ̀ ìlú Vejen ní Denmark dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún èyí nìkan. Wọ́n gba òṣìṣẹ́ kan tí ń lọ láti oko dé oko, tí ń wọn wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan, tí ń dán ọ̀rá rẹ̀ wò, tí ó sì ń kọ oúnjẹ tó jẹ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ará, ìsípẹ́kítọ̀ ni ọkùnrin yẹn. Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí lè pè é ní ẹ̀gbọ́n wa. Ní ọdún 1905, Helmer Rabild, ọmọ Denmark kan tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, mú àṣà náà dé ìpínlẹ̀ Michigan, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn ká.

Kí ni ìwé náà fi hàn wọ́n? Ó fi hàn pé inú agbo kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, ni màlúù tí ń mú èrè wá àti màlúù tí oúnjẹ rẹ̀ ju owó wàrà rẹ̀ lọ jọ ń gbé. Olówó wọn kò sì mọ̀, nítorí inú agbada kan náà ni wàrà gbogbo wọn ń lọ.

AKỌ MÀLÚÙ KÌ Í NÍ WÀRÀ

Wàhálà kan ṣì kù. Bí a bá mọ abo tó dára, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò bí lọ́dún. Akọ ló lè bí ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n akọ kì í ní wàrà. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ wàrà bá wà lára rẹ̀? Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà nígbà náà ni pé kí a wo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ló tún ṣí ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1936, ní erékùṣù Samsø ní Denmark, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ láti máa gba àtọ̀ lára akọ màlúù tó dára, kí òṣìṣẹ́ sì máa fi í sínú àwọn abo màlúù ọmọ ẹgbẹ́, láìjẹ́ pé akọ náà dé oko wọn. Enos Perry láti New Jersey ní Amẹ́ríkà lọ wò ó, ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nílé ní ọdún 1938. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i ní ọdún 1949 pé oje tí wọ́n ń pè ní glycerol kì í jẹ́ kí àtọ̀ kú bí ó bá di yìnyín, ó ṣeé ṣe láti tọ́jú àtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akọ kan wá lè ní ọmọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oko.

Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́. Jay Lush ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1937. Charles Henderson ní Yunifásítì Cornell ló wá rí ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń ya iṣẹ́ ìran sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe iṣẹ́ wa sọ ọ́. Bí Lágbájá bá kórè kòkó ju Tàmẹ̀dò lọ, a kò lè torí ìyẹn sọ pé irúgbìn Lágbájá ló dára jù. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló lọ́ràá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin irúgbìn kan náà sí oko 50, tí ó sì ń borí irúgbìn mìíràn nínú oko kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọmọ akọ màlúù kan wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agbo kan náà, lásìkò kan náà, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko. Kò sí àgbẹ̀ tó lè dá a ṣe pẹ̀lú màlúù 10 rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló lè sọ ọ́.

ÌWÉ TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Láti ìgbà tí a bá bí akọ kan títí dìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yóò fi bímọ tí yóò sì ní wàrà, ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti ka ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá abẹ̀mí, ìwé kan wà tí a fi lẹ́tà 4 péré kọ. Ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà tí ń pàṣẹ iṣẹ́ kan fún ara ni à ń pè ní jíìnì. Ẹ̀dà méjì ni ẹran kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ní ọdún 2009, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún 6, àwọn onímọ̀ tó lé ní 300 láti orílẹ̀-èdè 25 kéde pé àwọn ti ka ìwé màlúù. Abo kan láti Montana ní Amẹ́ríkà, L1 Dominette 01449 lórúkọ, ni wọ́n ka tirẹ̀. Jíìnì bí 22,000 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ wàrà wò nínú iṣẹ́ náà rí i pé jíìnì tó lé ní 6,000 ló ní iṣẹ́ kan tàbí òmíràn nínú ọmú. Kò sí jíìnì kan ṣoṣo tí a lè pè ní jíìnì wàrà. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni.

Síbẹ̀, ọ̀kan wà tí agbára rẹ̀ hàn gbangba. Ní ọdún 2002, Michel Georges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Liège ní Belgium fi hàn pé nínú jíìnì kan tí à ń pè ní DGAT1, ìyàtọ̀ lẹ́tà 2 péré ló ń mú kí wàrà màlúù kan ní ọ̀rá púpọ̀ ṣùgbọ́n kí ó dín kù ní iye, tí ti èkejì sì pọ̀ ní iye ṣùgbọ́n tí ọ̀rá rẹ̀ kéré. Ẹ kò lè sọ pé ọ̀kan dára, èkejì burú. Ẹni tí ń ta bọ́tà ń fẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹni tí ń ta wàrà tútù ní lítà-lítà ń fẹ́ ti èkejì.

Láti bí ọdún 2008 ni wọ́n ti ní ohun èlò tí ń ka ibi tó lé ní 50,000 nínú ìwé ẹran kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí irun díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í yan akọ màlúù, àní láti kékeré. Àárín ìran kan sí èkejì lọ́dọ̀ àwọn bàbá akọ, tó ń gba bí ọdún 7 tẹ́lẹ̀, wá dín kù sí bí ọdún 2 àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí: lẹ́tà inú ẹ̀jẹ̀ kò sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní láti gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ wàrà ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ èyí tó ń mú wàrà wá. Bí kò bá sí ìwé àwọn ẹgbẹ́, ohun èlò náà ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

ÀDÁNÙ TÓ SÁ PAMỌ́

Ní ọdún 1962, wọ́n bí akọ màlúù kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ìran Holstein, ìran aláwọ̀ dúdú àti funfun tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti Holland wá. Pawnee Farm Arlinda Chief ni wọ́n sọ ọ́. Wàrà àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pọ̀ lọ́nà ìyanu, ìwé sì fi í hàn. Gbogbo ènìyàn bá ń wá àtọ̀ Chief. Ó ní ọmọbìnrin 16,000, ọmọ-ọmọ lóbìnrin 500,000, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì lé ní mílíọ̀nù 2. Bí a bá kó ẹ̀jẹ̀ gbogbo màlúù Holstein Amẹ́ríkà jọ, bí ìdá 14 nínú 100 ló jẹ́ ti Chief.

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀dà kan bàjẹ́ nínú ẹ̀dà méjì jíìnì kan tí à ń pè ní APAF1 lára rẹ̀. Kò pa Chief lára, nítorí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ 2, bí ọ̀kan bá kán, èkejì yóò ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó gba ẹ̀dà bíbàjẹ́ náà kò ní ìpalára kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń bá ara wọn lò, oyún 1 nínú 4 láàrin akọ àti abo tó jọ ní àbùkù náà ń gba ẹ̀dà bíbàjẹ́ méjèèjì, irú oyún bẹ́ẹ̀ sì ń kú sínú ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ á ní ooru ló fà á. Òmíràn á ní oúnjẹ ni, tàbí pé màlúù òun kò kàn rí ọmọ. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun kan tó jọ ara wọn.

Ní ọdún 2011 ni Paul VanRaden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Amẹ́ríkà fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ já ọgbọ́n náà. Wọ́n wo ìwé ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù tó wà láàyè. Wọ́n ṣírò iye tó yẹ kí ó ní ẹ̀dà kan pàtó láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá papọ̀. Wọ́n wá a, wọn kò rí ẹyọ kan. Àwa tí ń yẹ ìwé wò mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Bí rìsíìtì 41, 42 àti 44 bá wà nínú ìwé akápò, 43 ni a ó béèrè. Àwọn tó yẹ kí ó wà tí kò sí ni wọ́n béèrè, wọ́n sì rí i pé inú ìyá wọn ni wọ́n ti kú. Iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé APAF1 ni jíìnì náà, àti pé ọ̀dọ̀ Chief ni ẹ̀dà bíbàjẹ́ náà ti wá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàrin ọdún 35, oyún tó bàjẹ́ káàkiri ayé tó 525,000, owó tó bá a lọ sì tó mílíọ̀nù 420 dọ́là.

A kò gbọdọ̀ yí ìṣirò po. Àwọn onímọ̀ kan náà sọ pé èrè tí wàrà ẹ̀jẹ̀ Chief mú wá tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Èrè ju àdánù lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n àdánù náà kò pọn dandan. Lónìí tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í pa ẹran tó ní in. Wọ́n kàn ń yẹ ìwé wò kí wọ́n má baà fi méjì tó ní in so pọ̀ ni. Ohun tí ìwé lásán lè dá dúró ló gba oyún 525,000.

Èyí nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n ń lé wàrà nìkan, agbára abo Holstein láti lóyún kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin màlúù nípa rírí oyún, bí ìdá 4 péré nínú 100 ni ti ìran, nítorí náà ojú àgbẹ̀ kan kò lè rí i. Ọdún 2003 ni Amẹ́ríkà tó fi í kún ohun tí wọ́n fi ń yan akọ. Ilẹ̀ Norway kò dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń bójú tó ìran màlúù pupa ilẹ̀ wọn. Láti ọdún 1975, gbogbo màlúù jákèjádò ilẹ̀ náà ti ní káàdì ìlera, tí dókítà ẹran ń kọ gbogbo ìtọ́jú sí. Láti ọdún 1978, wọ́n ti ń fi àkọsílẹ̀ àìsàn ọmú wíwú yan akọ màlúù. Ìran tí wọ́n ní lónìí lókìkí fún ìlera àti ọmọ bíbí. Àwọn tó kọ wàrà nìkan sílẹ̀ rí wàrà nìkan. Àwọn tó kọ ìlera mọ́ ọn rí méjèèjì.

KÍ LÓ KAN ÀWA NÍBÍ?

Àwọn kan nínú yín ti ń ronú pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó láti ra màlúù òyìnbó. A kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n màlúù tí a fi ìwé ilẹ̀ òtútù yàn kò tíì yege ìdánwò oòrùn àti kòkòrò ilẹ̀ wa. N'Dama àti Muturu wa lè gbé níbi tí eṣinṣin tsetse wà, kí àìsàn rẹ̀ má sì pa wọ́n. Ìyẹn náà jẹ́ ogún inú ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé Amẹ́ríkà. Màlúù funfun Fúlàní ń rìn jìnnà lábẹ́ oòrùn, ó sì ń bímọ. Ẹni tó bá fẹ́ da ẹ̀jẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní láti mọ ohun tó ń rà àti ohun tó ń sọnù. Ìwé ni yóò sọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹran òun kéré jù. Ní Ethiopia àti Tanzania, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi, kó àkọsílẹ̀ wàrà jọ láti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju màlúù bíi mélòó kan lọ. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n kà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran náà, kí wọ́n lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó bá ilẹ̀ Áfíríkà mu. Màlúù 2 ti Lágbájá kò lè sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí a bá pa ti 1,000 Lágbájá pọ̀, ó di ẹ̀rí.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń sin màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn pé kí wọ́n ṣí ìwé kan fún ẹran. Ìwé eléèkà lásán tó. Kí a fún ẹran kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí a sì kọ nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí:

1. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, àti ọdọ̀ ẹni tí a ti rà á.
2. Ọjọ́ tó gùn tàbí ọjọ́ tí a fún un ní àtọ̀.
3. Ọjọ́ tó bí, iye ọmọ, àti bóyá ọmọ náà yè.
4. Oyún tó bàjẹ́ tàbí tí kò dúró, kódà bí a kò bá mọ ohun tó fà á.
5. Wàrà àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán lọ́jọ́ kan láàrin oṣù, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà nígbà gbogbo.
6. Àìsàn, oògùn tí a lò, àti ọjọ́ tó kú tàbí tí a tà á.

Ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fẹ́ fò, nítorí ojú ń tini láti kọ àdánù sílẹ̀. Ìkẹrin yẹn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kò kọ bó ti yẹ. Bí ẹ bá kọ irọ́ sínú ìwé, tàbí tí ẹ fi èyí tó burú sílẹ̀, kì í ṣe àwa ìsípẹ́kítọ̀ ni ẹ tàn jẹ, ọmọ-ọmọ ẹran yín ni yóò san gbèsè náà.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé rẹ̀ mú ìwé náà dání pẹ̀lú ìwé owó nígbà tí a bá tún wá ṣe àyẹ̀wò. A ó bá a fa ìlà rẹ̀, a ó sì máa ka òun náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka èyí tó kù.